Ọdún 27 ni Amẹ́ríkà fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ìṣin: Ẹ̀kọ́ ńlá fún àwọn oníṣòwò èso

Ẹni tó bá ń gba iwájú ọjà Bódìjà kọjá n'Íbàdàn, tàbí tó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ l'Ọ́jọ̀ọ́ta, á ti rí wọn: àwọn ike omi èso tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lára, tí wọ́n kọ "antioxidant" sí gàdàgbà gadagba. Òmíràn ní òun ń fọ ẹ̀jẹ̀, òmíràn ní òun ń lé jẹjẹrẹ sá. Kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nìkan ló ń kọ ọ́ mọ́. Ìyá tó ń lọ ọ̀pẹ òyìnbó pọ̀ mọ́ ìbẹ́pẹ nínú kíṣìnì rẹ̀, tó ń kó o sínú kúlà lọ síwájú báǹkì, òun náà ti ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń pe oníbàárà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ta èso, tí ẹ ń fún omi rẹ̀ tàbí tí ẹ ń ronú àtikó o lọ sókè òkun mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yẹn lè mú oníbàárà wá lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń dá a padà. Èso tí kò ní ṣe ẹni tó jẹ ẹ́ ní ibi ló ń dá a padà. Orílẹ̀-èdè Jàmáíkà mọ èyí ju gbogbo wa lọ, èso tí wọ́n sì fi kọ́ ọ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ìṣin ni.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ìṣin, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú antioxidant fúnra rẹ̀ wò. Ẹ wo iṣu tí ẹ bẹ tí ẹ kò tètè rì sómi. Kí ẹ tó dá iná tán, ara rẹ̀ ti ń dúdú. Atẹ́gùn tó fẹ́ sí i ló fà á. Irin tí a gbé síta nínú òjò, ìpata ni yóò mú un, atẹ́gùn kan náà ló wà nídìí rẹ̀. Nínú ara ènìyàn náà, bí a ti ń mí, bí oúnjẹ ti ń dà, bí oòrùn ti ń pa wá, tí a sì ń fa èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò símú, àwọn èérún kan ń jáde tí wọn kì í fara balẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kàn ni wọ́n ń já nǹkan gbà lára rẹ̀, tí wọ́n sì ń bà á jẹ́. Èròjà yòówù tó bá lè fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn èérún wọ̀nyí kí wọ́n má baà ba ibòmíràn jẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní antioxidant. Ẹni tó bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi tó rì iṣu sí yóò rí i pé iṣu náà kì í tètè dúdú. Kíkan ọsàn náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fítámínì C inú rẹ̀ náà sì ń ṣiṣẹ́. Fítámínì C jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn antioxidant tí gbogbo ayé mọ̀ jù.

Èso ilẹ̀ olóoru sì ní in dáadáa. Bí ẹ bá wo ìwé ìṣirò oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò, nínú gíráàmù 100 èso kọ̀ọ̀kan, ọsàn ní nǹkan bíi mílígíráàmù 53 fítámínì C, ìbẹ́pẹ ní nǹkan bíi 60, ọ̀pẹ òyìnbó nǹkan bíi 48, máńgòrò nǹkan bíi 36. Gúáfà ńkọ́? Ó tó 228. Ohun tí ara àgbàlagbà ń fẹ́ lójúmọ́ kò ju 75 sí 90 lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọbìnrin tó gbé gúáfà ka orí ní ojú títì, tí àwọn ènìyàn ń ná an ní iye yẹpẹrẹ, ohun tó gbé lórí ju ọsàn lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Kajú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òkè-Ògùn, kóró rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń yọ tà, èso olómi tó so mọ́ ọn lókè ni wọ́n ń dà sílẹ̀ kó jẹrà. Inú èyí tí wọ́n ń dà nù yẹn ni fítámínì C wà, ó sì ju ti ọsàn lọ dáadáa.

Àgbálùmọ̀ tí a máa ń rí láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹrin náà ní fítámínì C pẹ̀lú àwọn èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní polyphenol. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní àwọn yunifásítì wa ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́pọ̀ ìgbà.

Gbogbo ìwọ̀nyí dára fún ìpolówó. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ọ̀fìn wà. Nígbà kan, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà gbé àtẹ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tó fi bí agbára antioxidant inú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ṣe tó hàn ní nọ́ńbà. Àwọn oníṣòwò bá gbá a mú. Gbogbo ẹni tó ń ta omi èso tàbí ìyẹ̀fun èso bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sára páálí: tèmi ju tìrẹ lọ. Ní ọdún 2012, iléeṣẹ́ náà yọ àtẹ yẹn kúrò pátápátá. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ohun tí wọ́n wọ̀n nínú ìgò láàbù kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹni tó jẹ ẹ́, àti pé àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fi nọ́ńbà náà polówó lọ́nà tí kò tọ́.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Finland tún le jù ìyẹn lọ. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá jọ, wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní oògùn oníhóró tí wọ́n fi beta-carotene ṣe. Beta-carotene yìí wà lára ohun tó ń mú kí inú máńgòrò pupa rúsúrúsú, antioxidant gidi sì ni. Èrò wọn ni pé yóò dín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù. Nígbà tí àbájáde jáde ní ọdún 1994, ńṣe ni jẹjẹrẹ náà fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàrin àwọn tó lo hóró náà. Kì í ṣe pé máńgòrò ń pa ènìyàn o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Èso tí a jẹ lódindi yàtọ̀ sí èròjà kan ṣoṣo tí a fà yọ, tí a kì mọ́ inú hóró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ sára ike pé ọjà òun ń lé jẹjẹrẹ, ó ti kọ ohun tí kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Òfin NAFDAC lórí ohun tí a ń kọ sára oúnjẹ tí a dì kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé oúnjẹ òun ń wo àrùn sàn. Àwọn tó ń ta ewé àti èso soursop lásìkò yìí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ààbò, èyí tó kan àpò wa jù. Kò sì sí èso tó kọ́ àwọn oníṣòwò ayé ní ẹ̀kọ́ yìí bí ìṣin.

Igi ìṣin pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá débi pé abẹ́ rẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń gba atẹ́gùn, tí wọ́n ti ń ta ayò. Ní nǹkan bí ọdún 1778, ní ayé òwò ẹrú, èso rẹ̀ ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé Jàmáíkà. Ackee ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Lónìí, òun ni èso àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà, òun pẹ̀lú ẹja oníyọ̀ sì ni oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣà jẹ lábẹ́ igi, tí èyí tó pọ̀ jù ń jẹrà sílẹ̀, agolo ni wọ́n ń rọ ọ́ sí ní Jàmáíkà, tí wọ́n ń kó o lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti New York.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1973, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà dá ìṣin dúró lẹ́nu ibodè. Kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́.

Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Májèlé kan wà nínú ìṣin tí wọ́n ń pè ní hypoglycin. Yunifásítì tó wà ní Jàmáíkà ni àwọn onímọ̀ méjì, Hassall àti Reyle, ti ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1954, lẹ́yìn tí àrùn èébì kan ti ń pa àwọn ọmọ erékùṣù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìṣin ṣì wà ní dídì, májèlé yìí lè ju ìwọ̀n 1,000 nínú mílíọ̀nù kan lọ nínú ara funfun rẹ̀ tí a ń jẹ. Bó bá ti gbó, tí oòrùn pa á, tí èèpo rẹ̀ pupa, tí ó sì la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé náà á ti lọ sílẹ̀ gan-an. Kóró dúdú dídán inú rẹ̀ kò ṣeé jẹ nígbà kankan o, ì báà gbó, ì báà má gbó. Awọ pupa fẹ́lẹ́ tó wà láàrin ara funfun náà, yíyọ ni kí ẹ yọ ọ́ nù.

Ohun tí májèlé yìí ń ṣe ni pé ó ń dí ara lọ́wọ́ láti sun ọ̀rá. Bí ènìyàn kò bá jẹun fún wákàtí púpọ̀, ọ̀rá ni ara máa ń sun kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ má baà tán. Tí hypoglycin bá ti ọ̀nà yẹn pa, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Onítọ̀hún á máa bì, oorun á máa kùn ún, gìrì lè gbé e, ó sì lè dákú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọdé tí kò jẹun kánú ló máa ń pa jù. Ní Burkina Faso ní ọdún 1998, àwọn ọmọ kéékèèké 29 ni wọ́n ṣàkọsílẹ̀ pé ìṣin tútù ràn lọ́nà yìí. Ní àríwá Haiti, láàrin ìparí ọdún 2000 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2001, àwọn tó kú lé ní àádọ́ta. Kódà ní India, ní agbègbè Muzaffarpur ní ọdún 2014, èso litchi tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ìṣin ni wọ́n rí i pé ó wà nídìí àrùn tó pa ọmọ 122 nínú 390 tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn méjì. Púpọ̀ nínú wọn kò jẹ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ṣé ẹ ti wá rí i? Èso kan náà tó ń ṣara lóore, tí a kò bá mú un bó ti tọ́, ìsìnkú ló ń fà.

Ọdún 27 ni Jàmáíkà fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọdún 2000 ni FDA tó ṣí i padà, ìyẹn náà kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ilé iṣẹ́ tó bá ti fi hàn pé òun mọ bí òun ṣe ń dènà májèlé náà nìkan ló wà nínú ìwé àwọn tó lè kó tiwọn wọlé láìsí ìdádúró. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ibodè ni wọn yóò ti dá ẹrù rẹ̀ dúró. Wọ́n fi òṣùwọ̀n lé e: hypoglycin inú ìṣin agolo kò gbọ́dọ̀ ju 100 nínú mílíọ̀nù kan lọ.

Ohun tí àwọn ará Jàmáíkà ṣe láti dé ibẹ̀ kì í ṣe idán. Wọn kì í gba èyí tí ẹnu rẹ̀ dì wọlé láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Wọ́n ń yọ kóró àti awọ pupa náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń sè é, wọ́n sì ń mú lára rẹ̀ lọ sí láàbù kó tó kúrò nílùú. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n lè tọpa agolo kọ̀ọ̀kan bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Lójú tèmi, kíkọ sílẹ̀ yìí ló nira jù fún wa nílẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù, nítorí pé ìwé àti bírò lásán ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ Jàmáíkà jìnnà sí òun, kó rántí ẹ̀wà wa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró, nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Wọ́n sún ìdádúró náà síwájú ní 2016, wọ́n tún sún un síwájú ní 2019. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà tó mọ́ gaara àti ẹni tó da oògùn sí tirẹ̀, ìyà kan náà ló jẹ wọ́n.

Ní tiwa níbí, oúnjẹ àfipanu ni ìṣin jẹ́. Àwọn kan ń jẹ ẹ́ ní tútù, àwọn kan ń dín in. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá, àwọn obìnrin kan ń bọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a sóòrùn, wọ́n sì ń tà á ní gbígbẹ lọ́jà, wọ́n tún ń fi èèpo rẹ̀ ṣe ọṣẹ. Èyí ló mú kó dá mi lójú pé owó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ní sùúrù. Àmọ́ kí onítọ̀hún má rò pé tí òun bá ti sè é, ó parí. Omi ìṣin tí a sè, dídà ni kí ẹ dà á nù, nítorí pé májèlé náà máa ń wọ inú omi. Bí ìṣin bá sì jẹ́ tútù láti ilẹ̀, sísè nìkan kò lè sọ ọ́ di jíjẹ.

Láti orí ìṣin, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń bá pàdé lójoojúmọ́. Kábáìdì tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin ni àwọn kan ń wé sínú bébà, tí wọ́n ń kì sáàrin ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ kó lè tètè pọ́n. Bí kábáìdì bá ti rí omi, gáàsì kan á jáde tó ń tan èso jẹ pé àsìkò àtipọ́n ti tó. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń ní arsenic àti phosphorus díẹ̀díẹ̀ nínú, májèlé ni méjèèjì. NAFDAC ti kìlọ̀ rẹ̀ títí. Àwọn oníbàárà náà sì ti ń lajú: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ara rẹ̀ pọ́n yòò ṣùgbọ́n tí ọrùn rẹ̀ ṣì tutù mini, tàbí máńgòrò tó pọ́n lẹ́yìn tí inú rẹ̀ le gbagidi, tí kò sì dùn, wọn kò ní rà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀nà tí kò léwu kò gbówó lórí. Èso tó ti pọ́n máa ń tú gáàsì kan tó ń jẹ́ ethylene síta fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ki ọ̀gẹ̀dẹ̀ mélòó kan tó ti pọ́n sáàrin èyí tí kò tíì pọ́n nínú apẹ̀rẹ̀, tí ẹ fi àpò tó mọ́ bò ó, yóò pọ́n. Ethylene kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tú sínú yàrá tí wọ́n ti pa dé. Òótọ́ ni pé ó lè gba ọjọ́ díẹ̀ sí i, owó tí ẹ fi rajà á sì há fún ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń dun ẹni tó ń san owó àjọ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ra ọjà rẹ̀ ní ìpele ìpele, tí kò kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò rí i pé àràárọ̀ ni òun ní èyí tó pọ́n láti tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fún omi èso, tiyín kò ju mẹ́ta lọ. Omi tí ẹ fi ń fọ èso àti èyí tí ẹ fi ń ṣe yìnyín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín lè mu. Fítámínì C tí ẹ ń polówó ń dín kù bí iná bá rà á tàbí bó bá pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sára ike. Ẹ̀kẹta ni gíréépù. Ní ọdún 1989, àwọn olùwádìí ní Kánádà ṣèèṣì rí i pé omi gíréépù ń mú kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń jẹ́ felodipine pọ̀ ju bó ti yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti rí àwọn oògùn mìíràn tí kò bá a rẹ́. Bí oníbàárà yín tó jẹ́ àgbàlagbà bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ní kó bi dókítà rẹ̀ kó tó máa mu ún lójoojúmọ́. Kò ní torí ìyẹn sá fún yín.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ sí i, NIHORT tó ń ṣèwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́ wà ní Jẹ́ríkò n'Íbàdàn láti ọdún 1975, FIIRO sì wà ní Òṣòdì láti 1956. Iṣẹ́ wọn ni láti wá bí a ṣe lè sọ ohun ọ̀gbìn di ọjà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ìṣin bẹ̀rẹ̀, orí bí yóò ṣe máa sanwó fún àwọn tó ń bá a kó o ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń san owó lórí àpò, ńṣe ni wọ́n á gun igi lọ gbọn èyí tó là àti èyí tó dì papọ̀ kí àpò lè tètè kún. Kó sanwó lórí èyí tó la ẹnu nìkan, kó kà á lójú wọn, kó sì da èyí tó dì nù kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà ṣà á jẹ.